Alùpùpù Tíṣà

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe náà kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Ó bá ilé mu, ó bá oko mu, ó sì bá irin mu pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè wọ ilé ìtajà ní òwúrọ̀ kí ó sì gun alùpùpù tuntun jáde kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣùgbọ́n alùpùpù tí ó ti rin ìrìn ogún ọdún, tí òjò ti pa, tí oòrùn ti pa, tí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ àti ọwọ́ ajórin ti kàn, kò sí ọjà tí a ti ń tà á. Ẹni tí ó bá jogún irú rẹ̀ ni ó ní i. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá jogún àkísà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò fi í ṣe: kí ó sọ ọ́ nù ni, tàbí kí ó fọ̀ ọ́, tàbí kí ó lẹ̀ ẹ́, tàbí kí ó tún un rán títí tí kò fi ní í jọ àkísà mọ́. Ọ̀ràn yìí gan-an ni ó dojú kọ olùkọ́ kan ní Òkèihò ní ọdún 2021, nígbà tí ó pinnu láti tún alùpùpù tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ ṣe.

Olùkọ́ ni baba náà pẹ̀lú; 'Tíṣà' ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí ó fi kú. Ọdún 1975 ni ó ra alùpùpù náà. Ẹni tí ó bá ń gba owó oṣù ní àkókò náà kò ní í gbàgbé ọdún yẹn bọ̀rọ̀, nítorí pé ọdún owó Údójì ni. Ní ọdún 1972 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀, láti yẹ iṣẹ́ ìjọba àti owó oṣù òṣìṣẹ́ wò. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní ọdún 1974. Ìjọba fi kún owó oṣù, ó sì ka àfikún náà láti oṣù Kẹrin ọdún yẹn, tí ó fi jẹ́ pé owó oṣù púpọ̀ ni ó bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan ra rédíò, àwọn kan ra tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó. Tíṣà ra Honda 175.

Alùpùpù tí ó níyì ni Honda 175 ní ayé ìgbà náà. Àwọn tí ó ṣe é ní ilẹ̀ Jàpáànì ń pe ìdílé rẹ̀ ní Benly, orúkọ tí wọ́n yọ láti inú ọ̀rọ̀ èdè wọn kan tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó rọrùn láti lò. Sìlíńdà méjì ni ó wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀, tí wọ́n dúró ti ara wọn bí ìbejì. Ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà 52, pístìnì inú rẹ̀ sì ń rin ìwọ̀n mìlímítà 41 lọ sókè sódò. Bí a bá ṣírò àyè tí méjèèjì ní, 174 c.c. ni, èyí tí wọ́n sọ di 175 nínú orúkọ. Kábúrétọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ ìbejì náà. Géà mẹ́rin ni ó ní, iná rẹ̀ sì jẹ́ fóltì 6. Ohun tí ó mú kí ó bá ọ̀nà eléruku Òkè-Ògùn mu jù lọ ni pé ṣéènì rẹ̀ wà nínú àpò irin tí ó bò ó pátápátá, tí eruku ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹrẹ̀ òjò kò fi lè tètè jẹ ẹ́ run. Alùpùpù tí kì í ṣe fún eré sísá ni. Fún ẹni tí ó ní ibi tí ó ń lọ lójoojúmọ́ ni.

Tíṣà kò fi alùpùpù náà sílẹ̀ bí ó ti rà á. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi gbé e lọ sí ilé arọ, tí alágbẹ̀dẹ fi irin ìkọ́lé ṣe kẹ́ríà sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àpótí ṣọ́ọ̀kì méjì lè jókòó lé e láìmì. Ó ní kí wọ́n jó irin gbọọrọ mọ́ ọn ní iwájú láti fi dáàbò bo ojúgun. Ó ní kí aránṣọ rán aṣọ aláwọ̀ sí ìjókòó rẹ̀, tí wáwà sì ń já bọ́ ní etí rẹ̀. Ó gé rọ́bà táyà kan, ó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ irin tí ó bo táyà ẹ̀yìn, ó sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i lára: SÙÚRÙ. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, tí ilé-ìwé ń hù káàkiri bí olú, alùpùpù yìí ni ó kó ìwé, tí ó kó pátákó ìkọ̀wé, tí ó sì gbé ọmọ tí ibà dá dúbúlẹ̀ ní kíláàsì padà sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ Tíṣà fúnra wọn ń jókòó lórí tánkì rẹ̀, wọ́n ń di irin ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì ń rò pé àwọn ni àwọn ń wà á.

Ayé yí padà. Ní ọdún 1986, ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀. Iye náírà já wálẹ̀, gbogbo ohun tí a ń kó wọlé láti òkè òkun sì gbówó lórí. Púlọ́ọ̀gì tí Tíṣà ń rà láìwẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ó ń ronú lé lórí kí ó tó rà á. Owó oṣù àwọn olùkọ́ kò jáde ní àkókò tí ó yẹ. Nígbà mìíràn oṣù méjì a wọ ara wọn, oṣù mẹ́ta a wọ ara wọn. Sáà yìí kan náà ni iṣẹ́ fífi alùpùpù gbé èrò gbilẹ̀ ní àwọn ìlú wa, tí àwọn ènìyàn sì fi orúkọ Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ṣe ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń pe alùpùpù náà ní ọ̀kadà nítorí pé a máa fò kọjá láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bí ẹni pé bàlúù ni. Ohun tí àwọn ọmọ Tíṣà rántí nípa ọdún wọ̀nyí kò ju pé ìpàdé olùkọ́ pọ̀ púpọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni baba wọn ń jí ní ìdájí, tí ó ń wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ó sì ń gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ. Ilẹ̀ a ti ṣú pátápátá kí wọ́n tó gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀.

Ní ọdún 1993, alùpùpù náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Tíṣà tì í sí abẹ́ àjà tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé, ó sì fi táàpólì bò ó. Àwọn tí ń ra ògbólógbòó irin wá, ó lé wọn. Ọmọkùnrin kan tí ó fẹ́ yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lò wá, kò gbà fún un. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọdún gorí ọdún, ewúrẹ́ ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èkúté sì ń tẹ́ ìtẹ́ sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Nígbà tí àkọ́bí Tíṣà ṣí táàpólì náà, ó ní ohun kan lọ́kàn. Ó ti rí àwòrán Honda 175 gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ṣe é. Ó sì ti ra ẹ̀dà ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀, èyí tí a kọ ìwọ̀n gbogbo nǹkan sí. Ìpinnu rẹ̀ ni pé òun yóò dá alùpùpù náà padà sí bí ó ti rí kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án. Ó mú bébà, ó pín in sí ọ̀nà méjì. Ní apá kan ni ó kọ ohun tí yóò tún ṣe sí: ẹ́ńjìnì, kábúrétọ̀, tánkì, wáyà iná, bíréèkì. Ní apá kejì ni ó kọ ohun tí yóò yọ sọnù sí: kẹ́ríà alágbẹ̀dẹ, irin ojúgun, aṣọ ìjókòó, rọ́bà tí a kọ SÙÚRÙ sí, àti rọ́bà ìtìsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Olùkọ́ tí ó ń fi yíǹkì pupa ṣe àtúnṣe sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ojú tí ó fi ń wo àṣìkọ ni ó fi wo ohun tí baba rẹ̀ fi kún alùpùpù náà.

Ó gbé e lọ sí Ìṣẹ́yìn, sí ọ̀dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹni tí ó ń bá baba rẹ̀ tún un ṣe láyé ijọ́un. Bí ọkùnrin náà ti rí i, kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí tánkì, ó wá ní, "Ọmọ Tíṣà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí yín."

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí èdè Yorùbá ti lè gba àlejò láìpàdánù ara rẹ̀, kí ó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Orúkọ àwọn ẹ̀yà ara alùpùpù jẹ́ ti òyìnbó, bí a tilẹ̀ ti fi ohùn tiwa pè wọ́n. Ṣùgbọ́n àìsàn wọn jẹ́ ti Yorùbá pátápátá. Ẹ́ńjìnì a máa wúkọ́, a máa mí gúlegúle, òtútù a máa mú un ní òwúrọ̀. Púlọ́ọ̀gì a máa kú, bátìrì a máa sùn, bíréèkì a sì máa di odi bí kò bá gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ lẹ́nu. Bí mẹkáníìkì bá tẹ́ etí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, bí onísègùn tí ń gbọ́ àyà aláìsàn ni ó rí. Àìsàn ti alùpùpù Tíṣà kò ṣòro láti mọ̀. Omi ti gba ọ̀nà salẹ́ńsà wọ inú ẹ́ńjìnì, ìpẹtà sì ti so pístìnì mọ́ ara sìlíńdà, tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ ìdáná rẹ̀ tí kò mì.

Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ gbé òòlù. Àgbà náà kọ̀ fún un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ó yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ó po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ó dà á sínú ihò wọn, ó fi aṣọ dí i, ó sì ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Ọjọ́ márùn-ún ni ó fi dà á bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, ó ki géà bọ̀ ọ́, ó sì ń mi táyà ẹ̀yìn síwájú sẹ́yìn ní jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń mi ọmọ tí oorun kò tí ì dá lójú. Nígbà tí ó ṣe, ìró kan jáde ní inú irin náà, kò ju bí ìgbà tí ènìyàn bá dá ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ. Pístìnì ti tú.

Ibi tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Bí sìlíńdà bá ti jẹ, wọn a máa fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò rẹ̀ kí ó tún fẹ̀ díẹ̀ sí i, kí wọ́n tó fi pístìnì tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ sí i. Ìwọ̀n 0.25 mìlímítà ni wọ́n fi ń pọ̀ sí i: 0.25, 0.50, 0.75, 1.00. Bí ó bá ti kọjá 1.00, kò sí pístìnì mọ́. Ara sìlíńdà ti tín-ín-rín jù. Lórí pístìnì tí wọ́n yọ jáde nínú alùpùpù Tíṣà, lábẹ́ èédú tí ó bò ó, 0.75 ni a tẹ̀ sí i. Mẹkáníìkì náà rántí. Òun ni ó fi 0.50 sí i ní ọdún 1988, òun náà sì ni ó fi 0.75 sí i ní ọdún 1991.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé ọmọ Tíṣà. Alùpùpù tí ó lo ọdún mẹ́tàlá kí ó tó dé 0.50, báwo ni ó ṣe jẹ́ pé ọdún mẹ́ta péré ni ó fi jẹ ti èkejì tán? Ilé-ìwé tí baba rẹ̀ ń lọ kò sún kúrò ní ibi tí ó wà. Ó bi mẹkáníìkì léèrè. Àgbà náà ní eruku ọ̀nà ni, ó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀ nìṣó.

Wọ́n wá ẹ̀yà ara kiri fún oṣù mẹ́rin. Àwọn alùpùpù tí ó pọ̀ ní ìgboro nísinsìnyí, ilẹ̀ Ṣáínà àti ilẹ̀ Íńdíà ni a ti ń kó wọn wá. Ẹ̀yà ara wọn kò bá ti Honda àtijọ́ mu. Oníṣòwò kan bá wọn rí gásíkẹ́ẹ̀tì àti kọ́ńtáàtì ní ọjà Nnewi, ní ìpínlẹ̀ Anambra, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú òwò ẹ̀yà ara alùpùpù. Ìbátan kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó bá wọn ra pístìnì méjì tí ó jẹ́ 1.00, ó sì fi rọ́bà ìtìsẹ̀ tuntun mẹ́rin kún un. Bí a kò bá sì rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: kébù klọ́ọ̀ṣì tí wọ́n lò, ti alùpùpù mìíràn ni wọ́n gé kúrú. Ẹni tí ń bá wọn gbẹ́ sìlíńdà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà, nítorí pé ìwọ̀n ìkẹyìn ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀, alùpùpù náà ti kú nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ̀.

Ìpẹtà inú tánkì ni ìyá arúgbó, opó Tíṣà, bá wọn ṣe. Ó ní bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá lè mú kí ìlẹ̀kẹ̀ idẹ dán, kí ni yóò ṣe é tí kò ní í lè fọ irin? Wọ́n fún ọsàn kún garawa kan, wọ́n dà á sínú tánkì pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń mì í ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi tí ó jáde pupa bí osùn. Lẹ́yìn rẹ̀, a lè fi ojú rí ìsàlẹ̀ tánkì náà tí ó ń kọ mànà.

Ó wá ku ohun tí ó wà ní apá kejì bébà. Ọmọ Tíṣà mú rọ́bà ìtìsẹ̀ tuntun mẹ́rin náà lé mẹkáníìkì lọ́wọ́, ó ní kí ó yọ ti àtijọ́, kí ajórin sì wá gé kẹ́ríà kúrò. Àgbà náà jókòó lórí àpótí rẹ̀. Ó yọ rọ́bà iwájú kan, ibi tí Tíṣà máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí ó bá ń wà á. Ó yọ rọ́bà ẹ̀yìn kan, ibi tí ẹni tí a gbé sẹ́yìn máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó gbé méjèèjì sí orí itan rẹ̀.

"Wo ti iwájú," ni ó wí. "Ojoojúmọ́ ni bàbá rẹ fi ẹsẹ̀ sí i fún ọdún méjìdínlógún, síbẹ̀ ilà ara rẹ̀ ṣì wà. Wo ti ẹ̀yìn. Ó ti jẹ dé irin. Ta ni o rò pé ó jẹ ẹ́?"

"Bóyá Màámi ni, Bàbá."

"Ìyá rẹ nìkan? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó gùn ún lọ́sẹ̀?"

Ọmọ Tíṣà kò fèsì. Ó wo kẹ́ríà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé apá kan rẹ̀ ti tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ibi tí agbọ̀n ẹrù máa ń jókòó sí. Ó wo ìjókòó: iwájú rẹ̀ le, ẹ̀yìn rẹ̀ ti rì. Aago tí ń ka ìrìn kò lè jẹ́rìí, nítorí pé kébù rẹ̀ ti já láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wọ̀nyí, pẹ̀lú pístìnì 0.75, ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ.

"Ọjọ́ Sátidé ni," ni àgbà náà wí nígbà tí ó ṣe. "Láti ọdún 1988. Láti gáréèjì dé ọjà, láti ọjà dé ilé oníkálukú. Bàbá rẹ gbé èrò, ọmọ mi. Òun ni ó yan Ìṣẹ́yìn, nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n níbí. A máa wọ jákẹ́ẹ̀tì, a máa de akoto, a sì fi aṣọ bo imú bí ẹni tí ó ń sá fún eruku. Ní ọjọ́ kan, ẹni tí ó ti kọ́ rí ní ilé-ìwé dá a dúró láìmọ̀ ọ́n. Ó gbé e. Ìgbà tí ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ tí ó ń na owó sí i ni ó tó mọ̀ ọ́n, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Ó ní òun kò ní í gba ṣéńjì. Bàbá rẹ ka ṣéńjì náà fún un, kọ́bọ̀ kò dín. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó jókòó sí orí àpótí yìí, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ohun tí ó dun ọmọ Tíṣà jù lọ nínú ìtàn yìí kò sí nínú ohun tí mẹkáníìkì sọ. Lẹ́tà kan ni. Ní ọdún 1990, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí owó ilé-ìwé kò pé, tí wọ́n sì ti kọ orúkọ àwọn ajigbèsè sí ara ògiri, ó kọ̀wé sí ilé. Pẹ̀lú ìgbéraga ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ gbólóhùn gígùn ún kọ, ó bi baba rẹ̀ léèrè ohun tí àwọn olùkọ́ ń fi ìpàdé ọjọ́ Sátidé ṣe, àti bóyá kò ní í sàn kí baba òun wá iṣẹ́ mìíràn ṣe mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èsì fi dé. Owó náà pé. Ìwé pélébé kan wà pẹ̀lú rẹ̀, gbólóhùn méjì péré: "Owó nìyí. A ti ṣe ìpàdé." Ó rántí pé òun ti fi ìwé náà han àwọn ọ̀rẹ́ òun, tí gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó padà dé Òkèihò, ó bá ìyá rẹ̀ ní ibi tí ó ti ń ṣa ẹ̀gúsí.

"Màámi, ẹ mọ̀ pé Bàámi gbé èrò?"

Ìyá arúgbó náà kò gbé ojú sókè. "Ta ni ó ń fọ eruku ara jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀?"

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

"Ó ní kí n má sọ. Ó ní bí ẹ bá mọ̀, ojú yóò tì yín, ẹ kò sì ní í lè jókòó ti ìwé yín. Mo ní ojú kò níláti ti ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọdé kò mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó da ẹ̀gúsí inú àtẹ sínú igbá. "Ọkọ mi, bí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú pátápátá ni, ṣé kò mọ ilé àwọn tí ń ra irin ni?"

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnì gbiná. Àwọn ọmọ iṣẹ́ pariwo, mẹkáníìkì sì gbé ọwọ́ lé orí tánkì, ó ń gbọ́ bí ìbejì náà ti ń mí papọ̀ láìwúkọ́. Ó ti gba ọmọ Tíṣà nímọ̀ràn pé kí wọ́n sọ iná rẹ̀ di fóltì 12, kí ó lè mọ́lẹ̀ bí ti alùpùpù òde òní. Bátìrì, kọ́ìlì, gílóòbù àti fèrè ni wọ́n níláti pààrọ̀. Ọmọ Tíṣà ní kí wọ́n dúró ná. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni. Ó ní òun fẹ́ fi iná fóltì 6 náà lọ sílé.

Ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn ní ojú ọ̀nà. Iná alùpùpù náà pọ́n bí iná àtùpà. Bí ẹ́ńjìnì bá sáré, iná a mọ́lẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́ nítorí kòtò, níbi tí ènìyàn ti nílò ìmọ́lẹ̀ gan-an, iná a rẹ̀ sílẹ̀. Kò rí ju ìwọ̀n òpó iná kan sí èkejì lọ níwájú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni ewúrẹ́ fo kọjá kí ó tó rí i. Ọkọ̀ ńlá kan bọ̀ níwájú, iná rẹ̀ sì fọ́ ọ lójú tí ó fi níláti sọ̀ kalẹ̀ sí etí koríko, kí ó dúró, kí ó sì máa gbọ́ bí àyà rẹ̀ ti ń lù. Ó jókòó lórí alùpùpù náà nínú òkùnkùn. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan ni. Ó ṣírò rẹ̀ bí olùkọ́ ti ń ṣírò: baba rẹ̀ ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún nígbà náà, ọjọ́ Sátidé méjìléláàádọ́ta ni ó wà nínú ọdún kan, ọdún náà sì ju mẹ́ta lọ. Kò ṣírò rẹ̀ parí. Ó tún gbiná sí i, ó sì rọra ń lọ sílé.

Alùpùpù náà ti parí nísinsìnyí. Àwọn tí ó mọ̀ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè sọ pé kò pé. Tánkì rẹ̀ ń dán, ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ó wà nínú àwòrán, sípóòkù rẹ̀ tò tààrà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì dára ju bí ó ti wà ní ọdún 1991 lọ. Wọ́n ti sọ iná rẹ̀ di fóltì 12, nítorí pé sísan gbèsè fún òkú kì í ṣe kí alààyè lọ kú sí inú kòtò. Aṣọ ìjókòó rẹ̀ ti gbó kọjá àtúnṣe, wọ́n ti rán òmíràn, wáwà sì wà ní etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ríà alágbẹ̀dẹ ṣì wà ní ẹ̀yìn, ó tẹ̀ sí apá kan bí ó ti wà. Irin ojúgun ṣì wà. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun tún ọ̀rọ̀ tí ó wà lára rọ́bà kọ, ní orí ipasẹ̀ lẹ́tà ti àkọ́kọ́. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, ni àwọn ènìyàn máa ń sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi tí iná dé ni ó yẹ kí a rẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ kan rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ rọ́bà ìtìsẹ̀ iwájú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn, tí ó jẹ dé irin, ni wọ́n dá padà sí àyè rẹ̀. Rọ́bà tuntun méjì tí ó kù wà ní ọwọ́ rẹ̀, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi kó wọn wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó rò pé wọ́n gbàgbé ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ti ẹ̀yìn yìí ńkọ́? Ṣé kí n yí i? Ó ti jẹ tán."

"Má yí i," ni ọmọ Tíṣà dá a lóhùn. "Owó ilé-ìwé mi ni."

Ọmọ náà wo mẹkáníìkì, ó rò pé àwàdà ni. Àgbà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sí abẹ́ ìjókòó, ó sì ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà.